Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í wẹ ọtí mọ́

1/ Ẹ̀yin tèmi, oṣù kejì ti wọlé, ooru Ìkòròdú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀. Àwọn òyìnbó ní "summer" tiwọn, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹjọ. Òjò ni tiwa nígbà yẹn jàre. Ìgbà ooru tiwa ni oṣù kejì àti oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iná ò sí, tí fáànù dúró bí ère. Àsìkò yìí gan-an ni mo máa ń po jíìnì mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́.

2/ Láti ọjọ́ tí mo ti gbé fọ́tò ife yẹn síbí lẹ ti ń bi mí: "Sisí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Màá sọ gbogbo ẹ̀, títí kan iye ṣíbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgò ló máa ṣáájú ọ̀rọ̀ ife. Ó máa gùn díẹ̀ o. Ẹ wá ibi jókòó sí.

3/ Ẹ̀yìn ilé Màmá ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti mọ ọsàn wẹ́wẹ́. Màmá ni ìyá tó bí ìyá mi, Alhaja ni wọ́n, ọtí ò kan ẹnu wọn rí. Igi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀gún ẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Wọ́n ń fi ọsàn ẹ̀ fọ ìgbín kí yíyọ̀ ara ẹ̀ lè kúrò. Wọ́n ń fi fọ ẹja tí wọ́n bá rà lọ́jà Olúwo kí òórùn ẹ̀ lè rọlẹ̀. Tí ikọ́ bá ń ṣe wá, wọ́n á fún un sínú omi gbígbóná.

4/ Ohun tí Màmá máa ń sọ ni pé kò sí ohun tí ọsàn wẹ́wẹ́ ò lè wẹ̀ mọ́. Ní ti ìgbín àti ẹja, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè wẹ̀ mọ́ láéláé, òun ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

5/ Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí ọtí àti ọsàn ti pàdé. Nínú ọkọ̀ ojú omi ni. Láyé ìgbà yẹn, àwọn atukọ̀ òyìnbó tó bá pẹ́ lójú òkun láìjẹ èso tútù, ìdí eyín wọn á máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín á máa já, wọ́n á kú. Ní 1747, dókítà ọkọ̀ ogun kan, James Lind, pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà mẹ́fà, ó fún ọ̀nà kan ṣoṣo lọ́sàn. Àwọn tó jẹ ọsàn ló yára dìde. Fítámì C ni, àmọ́ wọn ò tíì mọ orúkọ ẹ̀ nígbà yẹn.

6/ Nígbà tó di 1867, ìjọba Bìrìtìkó ṣòfin pé kí àwọn ọkọ̀ oníṣòwò máa fún atukọ̀ wọn ní omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ọdún yẹn náà ni ará Scotland kan, Lauchlan Rose, gba ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tó ń gbà fi ṣúgà tọ́jú omi ọsàn láìfi ọtí sí i. Ẹ wá wo eré: omi ọsàn tí wọ́n yọ ọtí kúrò nínú ẹ̀, òun làwọn èèyàn tún wá ń da jíìnì sí. Bí ohun mímu tí wọ́n ń pè ní "gimlet" ṣe gbajúmọ̀ nìyẹn.

7/ Jíìnì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ìyá jenever, ọtí àwọn ará Netherlands, ni. Ọtí tí wọ́n fi èso igi juniper sí kó lè máa ta sánsán. Láti ibẹ̀ náà, pàápàá ìlú Schiedam, ni schnapps ti ń bá ọkọ̀ wá sí etíkun wa. Ó pẹ́ débi pé a ti sọ ọ́ di tiwa. Tí àgbà bá fẹ́ tọ́rọ̀ nílẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìdána, schnapps ń bẹ lórí tábìlì. Ẹ bi ọmọdé léèrè, á ní ohun ìbílẹ̀ ni.

8/ Ohun ìbílẹ̀ gan-an wà o. Ògógóró. Ẹmu tàbí ògùrọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é. Wọ́n á jẹ́ kí ẹmu kan dáadáa, wọ́n á dà á sínú àgbá, wọ́n á dáná sábẹ́ ẹ̀. Ọtí máa ń hó ní 78°C, omi ní 100°C, ìyẹn ni pé ooru ọtí ló ń ṣáájú jáde. Ooru yẹn á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á di omi padà, á máa kán tó, tó, tó. Bákan náà ni ọgbọ́n tó ń ṣe jíìnì ìlú London. Kìkì pé ti London ní lébẹ́ẹ̀lì.

9/ Kí ló fà á tí tiwa ò fi ní lébẹ́ẹ̀lì? Òfin wà lára ẹ̀. Kí ogun 1914 tó dé, owó ẹnubodè tí ìjọba òyìnbó ń gbà lórí ọtí òkèèrè wà lára owó tó ń wọlé fún wọn jù ní Gúúsù Nàìjíríà. Ní 1919, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ṣe àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye nílẹ̀ Faransé: wọn ò ní máa kó ọtí líle olówó pọ́ọ́kú wá sí Áfíríkà mọ́, àwa náà ò sì gbọdọ̀ sè é.

10/ Ọtí olówó ńlá ṣì ń wọlé o, èyí tó san owó orí. Nígbà tí ọ̀wọ́n owó dé láyé 1930, tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù ò tó ìgò òkèèrè mọ́, ògógóró gbilẹ̀ nínú igbó àti etí omi. Orúkọ tí ìjọba fún un ni "illicit gin", jíìnì tí kò bófin mu. Ọlọ́pàá ń fọ́ àgbá, wọ́n ń kó èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Èèyàn tó ń ṣe ohun kan náà ní London, oníṣòwò ni wọ́n pè é.

11/ Nítorí náà, tí àgbà kan bá bínú pé ẹ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ògógóró, mo mọ ohun tó ń bí i nínú. Èmi náà ń bínú sí i. Èmi gan-an fẹ́ràn adùn ẹ̀: òórùn ẹmu tó ti kan, iná tó ń jó lọ́fun, àti èéfín díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tí ọsàn wẹ́wẹ́ bá kàn án, jíìnì òyìnbó á lọ jókòó.

12/ Ṣùgbọ́n ìbínú ò lè yẹ ìgò wò. Ní oṣù kẹrin 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí á máa fọ́ wọn, ojú á ṣókùnkùn, wọn ò ní mọ ẹni mọ́. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àwọn kan ní oògùn apakòkòrò ni. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, methanol ni. Ó kéré tán, èèyàn 18 lọ. Kò pẹ́, ó tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn fòfin de ògógóró.

13/ Kí ni methanol? Ọtí kan tí kì í ṣe ti mímu ni. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe: ọ̀dà, gọ́ọ̀mù, oríṣiríṣi. Ó rí bí omi bí ọtí gidi ṣe rí. Òórùn wọn jọra. Tó bá dénú ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ásíìdì kan tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Nǹkan bí 10 ml lè fọ́ èèyàn lójú. Nǹkan bí 30 ml, ìyẹn ṣíbí ńlá méjì péré, lè pa àgbàlagbà.

14/ Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹmu tí wọ́n sè pẹ̀lú ìtọ́jú kì í ní methanol tó lè pa èèyàn. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí káàkiri ayé, ẹnì kan ló da methanol sínú ọtí lẹ́yìn tí wọ́n sè é tán, kó lè pọ̀, kó lè le, kí èrè lè wà. Ẹni tó ń sè é létí omi lè jẹ́ olóòótọ́. Láàárín òun àti ife ẹ, kẹ́ẹ̀gì yẹn ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mélòó?

15/ Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tó mú mi kọ gbogbo èyí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ní Ìkòròdú ṣe ìdána ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní kí n wá po ohun mímu fún àlejò 150. Owó tí wọ́n kó sílẹ̀ kéré. Mo di kúlà, asẹ́ àti ọ̀bẹ mi, mo wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú, a gba Ìtòíkín, mo dé Ẹ̀pẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń ta tapọ́líìnì.

16/ Bí mo ṣe ń fún ọsàn lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ìyàwó dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì, lítà 25 ìkọ̀ọ̀kan. Bàbá kan tó níyì gan-an, fìlà wọn gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ta ni sisí ọlọ́tí? Ọmọ mi, má náwó lórí ọtí òyìnbó mọ́. Mo ti gbé ti ilé wá." Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́, torí owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ wọn.

17/ Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. A dúpẹ́ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló sè é?"
"Àwọn ará etí omi ni."
"Ta ni nínú wọn, sà?"
"Ọmọ yìí, ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni? Ẹni tó tà á fún mi rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Irú ẹ̀ la mu níbi ìgbéyàwó tèmi. Ṣebí mo dúró níwájú ẹ báyìí?"

18/ Bàbá ò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n ní kí wọ́n mú ṣíbí wá. Wọ́n bu díẹ̀ sí i, wọ́n ṣáná sí i. Iná náà jó, búlúù, ó lẹ́wà. "Ṣé o rí i? Búlúù! Ọtí tó mọ́ nìyẹn." Pàtẹ́wọ́ kejì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń na ife.

19/ Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín gba iná búlúù yẹn gbọ́. Ethanol, ọtí tí à ń mu, iná ẹ̀ búlúù. Methanol náà, iná ẹ̀ búlúù, ó tiẹ̀ ṣòro láti rí lójú ọ̀sán. Tí ẹ bá po méjèèjì pọ̀, búlúù náà ni. Ohun kan ṣoṣo tí ṣíbí yẹn sọ fún yín ni pé ọtí tó lè jóná wà níbẹ̀. Kò sọ irú èyí tó jẹ́. Ẹnu ò lè mọ̀ ọ́n. Imú ò lè mọ̀ ọ́n. Yàrá àyẹ̀wò ló lè mọ̀ ọ́n.

20/ Mo wà lórí eékún síbẹ̀. Ọmọ ọdún 26, obìnrin, àlejò, níwájú àgbà ilé lọ́jọ́ ayọ̀ wọn. Ẹ mọ bó ṣe ń rí nílé Yorùbá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún àgbà nígbà tí orí bá fẹ́ wọ́? Mo ní: "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò ní ọtí yín ò dáa. Ṣùgbọ́n èmi ni màá bu ife 150. Tí ẹnì kan bá bi mí lọ́la pé ibo lọtí yẹn ti wá, orúkọ ta ni kí n dá, sà?"

21/ Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá wò mí títí. Wọ́n ò sọ orúkọ kankan, torí wọn ò ní in. Ìyá ìyàwó ló sọ̀rọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e sí ẹ̀yìn ilé ná." Wọ́n gbé e lọ. Bàbá ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n lọ jókòó.

22/ Owó tó wà nílẹ̀ ra ìgò jíìnì 6 péré, 75cl, ti ilé-iṣẹ́ tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ìdérí wọn ò tíì ṣí. Ẹ bá mi ṣírò: ìgò 6 jẹ́ 4,500 ml. Ife tí mo máa ń pò nílé ń gba nǹkan bí 45 ml. Ìyẹn á jẹ́ ife 100, àlejò 50 ò ní rí. Mo dín in kù sí 30 ml. Ife 150, géérégé. Mo wá fi atalẹ̀ àti ewé efinrin kún un, kó má baà dà bí omi lásán.

23/ Ẹnikẹ́ni ò ráhùn. Àwọn kan tiẹ̀ ní ó dùn ju èyí tó le lọ, torí wọ́n lè mu ún kí wọ́n sì tún jó. Nígbà tí mo gbé ife dé ọ̀dọ̀ Bàbá, mo tún kúnlẹ̀. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Bu omi lásán wá fún mi." Mo bu omi wá.

24/ Mo mọ ìbéèrè tó ń bọ̀. "Ṣé ọtí Bàbá ní májèlé nínú ni?" Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọtí tó dáa jù lójúde Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá gbé e lọ sílé wọn, mi ò gbọ́ pé ohunkóhun ṣe ẹnikẹ́ni. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó ń mu ọtí ara ẹ̀ lè fi ẹ̀mí ara ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ tó bá wù ú. Ẹni tó ń bu ọtí fún ọmọ ọlọ́mọ kò ní irú àyè yẹn.

25/ Ohun tó ń dùn mí jù ni pé òfin àtijọ́ yẹn ló fi ẹni tó mọ iṣẹ́ àti ẹni tó ń da májèlé sínú kẹ́ẹ̀gì kan náà. Àwọn méjèèjì ń fara pa mọ́, àwọn méjèèjì ò ní lébẹ́ẹ̀lì, ojú kan náà la fi ń wò wọ́n. Èyí tí mo fẹ́ rí ni ògógóró tó ní orúkọ ẹni tó sè é lára. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ wo Pedro's, ọtí ẹmu tí wọ́n ń kó sígò dáadáa ní Nàìjíríà níbí, lébẹ́ẹ̀lì wà lára ẹ̀, wọn ò tijú orúkọ ògógóró. Ẹ jẹ́ kí irú ẹ̀ pọ̀.

26/ Bí mo ṣe ń yan ìgò rèé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀:
Mo ń wo nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ ilé-iṣẹ́.
Mo ń wo ìdérí. Tí wọ́n bá ti ṣí i rí, mi ò rà á.
Mi ò ra èyí tí wọ́n bù láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò omi.
Tí jíìnì kan bá dínwó ju ti gbogbo ọjà lọ lọ́nà ìyanu, mo ń sá fún ìyanu yẹn.

27/ Kí ni ti páráagà tí wọ́n ń tà ní gáréèjì Ìkòròdú? Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bèèrè. Egbò àti ewé tí wọ́n rẹ sínú ọtí ni. Ìbéèrè mi lórí egbò ò pọ̀. Ọtí tí wọ́n fi rẹ ẹ́ ni kí ẹ bi wọ́n. Egbò tó pupa, tó korò, á bo gbogbo ohun tí ọtí abẹ́ ẹ̀ jẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà, iṣẹ́ ìbòjú yẹn ló ń ṣe: ó ń mú adùn wá, kì í yọ májèlé. Ṣúgà ò lè yọ ọ́. Yìnyín ò lè yọ ọ́.

28/ Tí ẹnì kan bá mu ọtí tí kò dá yín lójú, tó wá di wákàtí 12 tàbí 24 lẹ́yìn ẹ̀, tí inú ń run ún, tí ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń rí funfun bí kùrukùru, ẹ má ní kó sùn, kì í ṣe àmupara lásán. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ilé ìwòsàn, kíákíá, kí ẹ sì sọ ohun tó mu fún wọn. Ìtọ́jú wà, tí wọ́n bá tètè dé.

29/ Ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká po nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ sè ṣúgà: ṣúgà ife 1, omi ife 1. Ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó títí ṣúgà á fi yọ́. Kó má hó títí kó tó máa ki. Ẹ sọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sígò. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì, tí iná bá wà. Ṣúgà tí ẹ kàn bù sínú ife tútù kì í yọ́, ìdí ife ló máa sùn sí.

30/ Ọsàn: èyí tí èèpo ẹ̀ tín-ín-rín tó sì wúwo lọ́wọ́ ni omi wà nínú ẹ̀. Kí ẹ tó là á, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i mọ́ tábìlì, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ fún un lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó, torí tó bá sun mọ́jú, adùn ẹ̀ ti lọ. Ẹ sẹ́ kóró kúrò.

31/ Ìkìlọ̀ tí ẹnìkan ò sọ fún yín: tí ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ tán, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jáde sínú oòrùn. Omi ọsàn yìí àti oòrùn, tí wọ́n bá pàdé lára, wọ́n lè jó awọ, á lé ròrò, á sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ máa fún un lábẹ́ ìbòòji.

32/ Fún ife kan, pẹ̀lú ṣíbí ńlá kan náà:
Jíìnì ṣíbí 3 (tàbí 2 tí ọjọ́ bá gùn)
Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 2
Ṣúgà sísè ṣíbí 2
Ewé efinrin 2
Yìnyín
Omi sódà tàbí omi tútù, láti fi kún un

33/ Ẹ fi efinrin sí àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ fi èkejì gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gún un o, ọbẹ̀ kọ́ lẹ ń sè. Ẹ sọ ọ́ sínú ike oníderí pẹ̀lú jíìnì, ọsàn, ṣúgà àti yìnyín. Ẹ dé e pa, ẹ mì ín títí ẹ ó fi ka 15. Ẹ sẹ́ ẹ sínú ife tí yìnyín kún inú ẹ̀ dẹ́nu, ẹ fi omi sódà kún un. Ẹ tọ́ ọ wò. Tó bá kan jù, ṣúgà. Tó bá dùn jù, ọsàn.

34/ Ẹ má ṣahun yìnyín. Yìnyín tó pọ̀ nínú ife ń mú ara wọn tutù, wọn kì í tètè yọ́. Yìnyín méjì péré á yọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ó wá máa mu omi. Omi inú ọ̀rá tó dì lódindi ni mo ń lò: mo fọ ara ọ̀rá ẹ̀, mo fi ọmọ odó lù ú, mo já a. Yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja lọ́jà, ìdí ìgò nínú kúlà ni tiẹ̀, kó má dé inú ife. Jíìnì fúnra ẹ̀ lè sun nínú fírísà, kì í dì nílé wa níbí.

35/ Ti àwọn tí kì í mu ọtí rèé, èyí tí Màmá fi ọwọ́ sí: ẹ rin atalẹ̀ bíi ìka kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná ife 1 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ọsàn ṣíbí 2, oyin ṣíbí 1, omi atalẹ̀ yẹn ṣíbí 4, efinrin, yìnyín, omi sódà. Irú ife kan náà, ẹwà kan náà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá àwáwí lóde ayẹyẹ nítorí pé kò mu ọtí.

36/ Ẹ rántí pé jíìnì kì í pa òùngbẹ. Ọtí ń mú kí èèyàn tọ̀ ju ohun tó mu lọ, ooru sì ti ń fa omi ara yín tẹ́lẹ̀. Ife ọtí kan, ife omi kan. Ẹni tó bá máa wa ọkọ̀ padà sí Ìkòròdú lálẹ́, ife atalẹ̀ ni tiẹ̀. Ẹni tó lóyún, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ẹni tó ń lo oògùn, ife atalẹ̀ náà.

37/ Ní ti Bàbá, a tún pàdé níbi ìsọmọlórúkọ ọ̀rẹ́ mi náà lọ́dún tó tẹ̀lé e. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Sisí ọlọ́pàá, ṣé o wà?" Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì fajú ro. Wọ́n kàn sọ pé, ẹni tó ń sè é, àwọn ti wá ibẹ̀ lọ, àwọn ti mọ orúkọ ẹ̀, àwọn ti rí àgbá ẹ̀. Wọn ò sọ orúkọ náà fún mi. Mi ò bèèrè.

38/ Ó parí síbẹ̀. Ẹni tó bá po tiẹ̀, kó gbé fọ́tò wá sábẹ́ ibí, kó sì jẹ́ kí a rí lébẹ́ẹ̀lì ìgò. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń ṣètò ọtí nílé yín. Ooru ṣì pọ̀ níwájú, ẹ mumi o.